Ọwọ́ ló kọ́kọ́ dá mi dúró: bí mo ṣe parí Beast lórí òkè Killington

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo fẹ́ lọ sáré lórí òkè, pé màá gun ògiri, màá rákò lábẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún, màá sì ru àpò yanrìn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èló ni wọ́n fẹ́ san fún ọ?" Mo ní èmi ni mo sanwó. Wọ́n dákẹ́. "O sanwó kí wọ́n lè fìyà jẹ ọ́?" Ni wọ́n bá pe bàbá mi pé kí wọ́n wá gbọ́ nǹkan.

Spartan Race ni mò ń wí, èyí tí Joe De Sena dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Vermont, Amẹ́ríkà, ní ọdún 2010. Oríṣi rẹ̀ pọ̀: Sprint jẹ́ kìlómítà 5 pẹ̀lú ìdíwọ́ 20, Super jẹ́ kìlómítà 10 pẹ̀lú ìdíwọ́ 25, Beast sì jẹ́ kìlómítà 21 pẹ̀lú ìdíwọ́ 30. Ultra náà wà, kìlómítà 50, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí orí wọn gbóná. Mo ti sá Sprint lẹ́ẹ̀kan, mo wá rò pé Beast kàn jẹ́ Sprint mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ ni. Irọ́ ńlá. Òkè Killington ní Vermont, níbi tí mo ti sá a, ga tó mítà 1,293. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ̀ lórí yìnyín nígbà òtútù, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ní ká gùn. Tẹ́ ẹ bá gùn ún tán, wọ́n á ní kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ tún gba ibòmíì gùn ún.

Oṣù Kẹsàn-án ni, lọ́dún tó ṣáájú Kòrónà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Worcester, ní Massachusetts, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Oṣù mẹ́rin ni mo fi múra: bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo wọ bàtà, ó di ojú títì. Mo sá a títí mo fi lè sá kìlómítà 18 láìdúró. Àbúrò mi obìnrin, tó ti sá Beast lẹ́ẹ̀mejì, ń sọ fún mi pé, "Àǹtí mi, ẹsẹ̀ yín ti tó. Ẹ wá ọ̀pá kan, kẹ́ ẹ máa rọ̀ mọ́ ọn." Mo ní mo ti gbọ́. N kò rọ̀ mọ́ nǹkan kan.

Mo di omi lítà méjì sínú àpò ẹ̀yìn, pẹ̀lú iná orí, nítorí ilẹ̀ lè ṣú mọ́ èèyàn lórí òkè, àti ìpékeré oníyọ̀ pẹ̀lú dàbínò. Àwọn ọ̀rá oúnjẹ olómi dídùn táwọn eléré máa ń fà mu yẹn máa ń da inú mi rú. Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀rá di ìpékeré yẹn. Ẹ rántí ọ̀rá náà.

Ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ́n tú àwọn ti Open sílẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè ran ẹnì kejì lọ́wọ́. Gbogbo wa pariwo, a sì sáré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn ló kù. Kò sẹ́ni tó ń sáré gun Killington nínú àwa ẹgbẹ́ ẹ̀yìn. Gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú mi ni mo tẹjú mọ́, torí ìgbà tí mo gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, mo rí àwọn èèyàn lókè lọ́hùn-ún bí èèrà, ọkàn mi sì já. Níbi wáyà ẹlẹ́gùn-ún, mo tètè rí i pé yíyí gbirigbiri bí ẹní tí wọ́n ń ká sàn ju ìgúnpá lọ. Òkúta ibẹ̀ kò mojú ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ti jayé jù ni Hercules Hoist. Wọ́n so àpò tó wúwo mọ́ ìdí okùn, okùn náà gba orí irin kan lókè kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Kí o fà á títí àpò yóò fi dókè, kí o sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí apá rẹ̀ tó itan mi. Apá yẹn nìkan ló fi ń fà á, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi rántí kànga ilé wa n'Íbàdàn, níbi tí a ti ń pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù kí a tó lọ síléèwé. Mo ti ẹsẹ̀ kan mọ́ irin iwájú mi, mo fẹ̀yìn, mo jẹ́ kí gbogbo ara mi wúwo sórí okùn. Bó bá ti wá, ọwọ́ òsì dì í mú, ọwọ́ ọ̀tún tún lọ sókè. Mo sọ àpò kalẹ̀ láìdún, ọkùnrin yẹn sì wò mí bíi pé mo fi oògùn ṣe é.

Garawa ló bà mí nínú jẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e lé orí nígbà tí obìnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ mirí sí mi: iwájú àyà ni kí n gbé e sí. Mo gbá a mọ́ra bí ọmọ tó ń sunkún, ìka mi kọ́ra wọn nísàlẹ̀ rẹ̀, mo ń gòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ìka ló ń tú, ẹsẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó kan àpò yanrìn, tí kò sẹ́ni tó ní kí n má gbé e lórí, mo bọ́ ẹ̀wù àwọ̀sókè mi, mo fi ká òṣùká, mo gbé àpò lé e, mo na ẹ̀yìn, mo ń lọ. Mo kọjá lára àwọn tó kọjá mi nídìí garawa. Wọ́n ń ya mí ní fọ́tò.

Adágún omi ló tẹ̀ lé e. Wọ́n wọ ẹ̀wù agbéniléfòó fún wa, mo bọ́ sómi, èémí mi sì há. Nígbà tí mo jáde, tí atẹ́gùn fẹ́ lù mí, mo ní kí n jẹun. Ọ̀rá ti tú. Ìpékeré mi ti di ògì. Kò pẹ́ lórí òkè tó kàn ni pajápajá mú ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi méjèèjì, mo jókòó sínú koríko, mo ń ké pe Ọlọ́run. Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan na ọ̀rá kékeré mọ́sítáádì sí mi, irú èyí tí wọ́n ń fún sórí sọ́séèjì, ó ní kí n gbé e mì. Láàárín ìṣẹ́jú méjì iṣan náà dẹ̀. Ó yá jù kó jẹ́ pé iyọ̀ rẹ̀ ti dénú ẹ̀jẹ̀. Títa tó ta mí lẹ́nu ni mo gbà pé ó ta iṣan jí.

Ọ̀kọ̀ jíjù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo ní. Tèmi kan ìdì koríko, ó sì jábọ́. Ìtanràn rẹ̀ nígbà yẹn ni burpee 30: dọ̀bálẹ̀ kí àyà kan ilẹ̀, dìde, fò sókè. Èmi tó jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ni wọ́n kọ́ nílé wa! Kò sẹ́ni tó ń kà á fún èèyàn ní Open, mo rí àwọn tó ṣe mẹ́wàá tí wọ́n sì sá lọ. Mo ń ka tèmi sókè ní Yorùbá, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo dé ẹẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tó gùn ju èémí tó kù nínú mi lọ. Lórí àwọn irin tí a ń rọ̀ mọ́ kọjá, ọwọ́ mi kàn là fúnra rẹ̀, bíi pé ẹlòmíì ló ni ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àpapọ̀ burpee mi jẹ́ 120.

Mo fo iná tí wọ́n dá síbi ìlà ìparí lẹ́yìn wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 40. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi lọ́rùn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti dúdú, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nínú ọkọ̀, mo fẹ́ ṣí ike omi, ìdérí rẹ̀ kò gbọ́. Mo gbé abọ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi, tó ti parí láti wákàtí méjì sẹ́yìn tó sì ti wẹ̀, gba ṣíbí náà.

"Àǹtí mi, ṣé mo sọ fún yín àbí n kò sọ?"

Mo ní ó sọ fún mi.

"Ẹ ya ẹnu yín."