"Ohunkóhun Tí Ẹ Bá Ní, Ẹ Fún Mi": Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwa Tá À Ń Ta Iṣẹ́ Ọwọ́ Wa Lórí Ayélujára

Tí ẹ bá gba àdúgbò Under G kọjá nírọ̀lẹ́, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kì í ṣe kékeré. Ẹnìkan ń ya káàdì ìgbéyàwó, ẹnìkan ń gé fídíò, ẹnìkan ń bá oníṣòwò tó wà n'Ìbàdàn mójú tó Instagram, òmíràn ń kọ́ ọmọ àwọn ará wa tó wà lókè òkun ní Yorùbá lórí Zoom. Iṣẹ́ dára lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ kí oníbàárà ṣáà ti béèrè pé "èló ni?", ahọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́.

"Èmi ò mọ ọjà tà, iṣẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe." Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ajílété, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Àwọn bàbá àti ìyá wa kó ọjà dé Tamale ní Gánà, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn, tí kò mọ agboolé tí wọ́n ti wá, wọ́n sì ń tà títí ìjọba Gánà lábẹ́ Busia fi ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde lọ́dún 1969. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé iṣẹ́ tiwa kò ṣe é gbé sórí àtẹ kí ènìyàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. A wá ń rò ó lọ́kàn pé tí a bá pe owó lé e, a fẹ́ rẹ́ni jẹ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá.

Kí oníbàárà béèrè owó, kí ẹ ní kó fún yín ní ohun tó bá ní

Èyí ló burú jù, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní àǹtí kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá yín kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp: "Ọmọ mi, ṣé wàá lè bá mi ṣe ìwé ètò ìsìnkú màmá? Èló ni wàá gbà?" Ẹ kọ èsì, ẹ pa á rẹ́. Ẹ tún un kọ, ẹ tún pa á rẹ́. Níkẹyìn ẹ fi èyí ránṣẹ́: "Ẹ má ṣèyọnu mà, ohunkóhun tí ẹ bá ní, ẹ fún mi."

Lójú yín, ọ̀wọ̀ lẹ bù fún wọn. Wàhálà lẹ dá sí wọn lọ́rùn. Wọn ò mọ̀ bóyá ₦2,000 ló yẹ tàbí ₦20,000, wọn ò sì ní fẹ́ kí ojú ti àwọn. Wọ́n á fi ₦3,000 ránṣẹ́, wọ́n á fi àdúrà gígùn tì í lẹ́yìn. Ẹ ò wá lè sọ pé kò tó, ẹnu yín lẹ fi sọ ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀, ojú ewé 16 ni ìwé yẹn, òru lẹ fi ṣe é, fọ́tò tí wọ́n yà nínú òkùnkùn lẹ sì fi ọwọ́ tún ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àna wọn kan sọnù, ẹ dá a padà. Àbúrò wọn tó wà ní Jos ní òun ò fẹ́ràn fọ́tò tó wà níwájú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ẹ ti ń bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ yín rárá.

Ẹ lè kúnlẹ̀ pe owó, àwọn ìyá wa ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó wà ní Tákíé á pe oníbàárà ní ọkọ mi, á pè é ní ìyàwó mi, á kí i kú oúnjẹ ilé, á bá ọmọ tó pọ̀n ṣeré. Tó bá wá kan iye tí ìdì ẹ̀fọ́ jẹ́, á pè é ketekete. "Kò gbà mà, ẹ fowó lé e." Ẹnìkan kì í tìtorí ìyẹn sọ pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ sí àǹtí yẹn kò ju èyí lọ (iye tó wà níbẹ̀, àpẹẹrẹ ni o):

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù mà, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún màmá. Ìwé ètò olójú ewé 16 jẹ́ ₦25,000. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó náà, ṣùgbọ́n owó ìtẹ̀wé ò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá fi ìdajì ránṣẹ́ lónìí, ẹ ó rí èyí àkọ́kọ́ ní Ọjọ́bọ̀ mà."

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù kalẹ̀. Ibí yìí gan-an ló ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́: ìṣẹ́jú kan kò tíì pé, wọ́n ti tún kọ ọ́ pé "àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù, ẹ sọ o mà." Ta ló ní ó pọ̀ jù? Ẹni tó ń ra ọjà ló máa ń sọ pé "ẹ dín in," ẹ má gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Tó bá sì sọ ọ́, kí owó àti iṣẹ́ jọ dínkù pọ̀: ojú ewé 8 lè jẹ́ ₦15,000. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ ₦25,000 gba ₦15,000 torí pé ojú ń tì yín.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ojúure, èènì wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó, ẹ fi fọ́tò màmá kan tí wọ́n lè gbé sórí status ṣe èènì fún wọn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀fẹ́ lẹ fẹ́ ṣe é lóòótọ́, nítorí oore tí màmá ti ṣe yín rí, ẹ sọ iye rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ẹ fi ta wọ́n lọ́rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí wọ́n bá júwe yín fún lọ́la á gbà pé ọ̀fẹ́ lẹ máa ń ṣe é.

"Ẹ wá sí inbox fún iye owó"

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ wa ní èyí. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà tàbí iṣẹ́ fi iye rẹ̀ hàn. Yàtọ̀ sí ti òfin, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ò ní wá sí inbox kankan. Wọ́n á rò pé ó wọ́n, wọ́n á sì kọjá lọ. Tí iṣẹ́ yín bá yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan sí èkejì, ẹ kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: "láti ₦10,000 lọ sókè." Àyè owó wà nínú catalogue WhatsApp Business, ìyẹn WhatsApp ti àwọn oníṣòwò, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Kí ẹ máa ka orúkọ irinṣẹ́ yín fún ènìyàn

Ẹni tó ń ra kajú jọ ní agbègbè wa kò fẹ́ gbọ́ nípa SEO, ìyẹn ọgbọ́n tí Google fi ń tètè rí ènìyàn, kò sì kàn án bóyá WordPress lẹ fi kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí ẹ fẹ́ tà fún un. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé àwọn alágbàtà ló ń dá iye lé ọjà òun, òun ò sì mọ bí òun ṣe lè bá ẹni tó ń rà á lọ sí Vietnam tàbí Íńdíà sọ̀rọ̀ tààrà. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín láti ibẹ̀, á fà sún mọ́ yín. Ẹ bi í pé: "Ta ló ń ra ọjà lọ́wọ́ yín báyìí? Báwo ni wọ́n ṣe rí yín? Kí ló máa ń bí yín nínú jù lọ́dọ̀ wọn?" Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kí ẹ máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an lẹ máa fi kọ ìwé iye owó sí i.

Kí ẹ sì mọ àsìkò. Ẹni tó bá ń wá oníkajú lọ láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, tí kajú ń jábọ́, tí ọkọ̀ ń dúró de ẹrù, kò ní rí ẹni dá a lóhùn. Inú oṣù kọkànlá ló yẹ kó ti lọ, nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì dilẹ̀.

Kí ẹ rò pé ẹ ti polówó

Status kì í ju wákàtí 24 lọ. Broadcast WhatsApp, ènìyàn 256 ni àkójọ kan ń gbà, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i. Torí náà ẹni tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láàárín àdúrà òwúrọ̀ àti ọ̀rọ̀ Arsenal, kò tíì polówó. Ẹlẹ́kọ kì í kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó wá wọlé lọ sùn. Àmọ́ ẹ má fi tipátipá kó ènìyàn sínú group. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fún wọn láṣẹ láti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa fi nọ́ńbà wọn polówó ọjà fún wọn.

Kí wọ́n ní "màá padà bá yín sọ̀rọ̀", kí ẹ sì gbàgbé wọn

Ẹ̀rù ń bà wá kí wọ́n má pè wá ní òṣómàáló. Òṣómàáló ń béèrè gbèsè ni, kò sí gbèsè kankan láàárín ẹ̀yin àti ẹni yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá béèrè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iná ló lọ, tàbí dátà ló tán, tàbí pé ọ̀rọ̀ yín ti rì sábẹ́ ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ aṣọ ẹbí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ẹ kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo rántí pé ẹ ní oṣù tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, á bá a. Ṣé kí n fi àyè sílẹ̀ fún yín?" Tí kò bá fèsì, ẹ tún kọ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Label wà nínú WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni: ẹ fi ọ̀kan sára àwọn tó béèrè, òmíràn sára àwọn tó ti san ìdajì, kí orí má bàa máa dàrú.

Irọ́ kéékèèké, lọ́tùn-ún lósì

"Àyè méjì péré ló kù," nígbà tí ẹ kò tíì rí oníbàárà kan. Ògbómọ̀ṣọ́ ò tóbi tó ìyẹn. Ẹni tí ẹ sọ fún lónìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ máa bẹ̀ lọ́la. Irọ́ tún máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà pẹ̀lú. Alert ayédèrú pọ̀ nígboro, fọ́tò ìsanwó kì í sì í ṣe owó. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ rí i pé owó náà ti kún ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó fi fáìlì gidi, èyí tí àmì yín (watermark) kò sí lára rẹ̀, ránṣẹ́, kódà kó jẹ́ pé kíá lẹni náà ń fẹ́ ẹ, tí ó ń sọ pé àwọn wà lẹ́nu ìtẹ̀wé.