Kí ọmọ tó lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ mú ọmọ yín lọ ṣiṣẹ́ ilé ní Lẹ́bánónì tàbí Oman, ẹ kọ́kọ́ yẹ físà rẹ̀ wò dáadáa. Físà ìbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́.

Ẹ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, físà àti ìwé àdéhùn iṣẹ́, kó wà lórí fóònù ẹni méjì nílé. Pásípọ́ọ̀tù ni ọ̀gá burúkú máa ń kọ́kọ́ gbà. Kí ọmọ há nọ́ńbà ilé sórí, torí wọ́n lè gba fóònù náà. Ẹ sì jọ mú ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì. Bó bá béèrè pé "Ṣé màmá àgbà ti jẹ àmàlà?", kẹ́ ẹ mọ̀ pé wàhálà wà, bí ọ̀gá tilẹ̀ dúró tì í.

Bí wọ́n bá ní kó lọ búra, tàbí pé yóò fi iṣẹ́ san gbèsè ọkọ̀ òfuurufú, kó má lọ rárá! Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 34, lòdì sí iṣẹ́ ìfipámúniṣe. Àjọ NAPTIP ló ń gbógun ti òwò ènìyàn. Ẹ pè wọ́n sórí 627.