Bí A Ṣe Ń Mú Kí Nọ́ńbà Ojú Ẹ̀rọ Ìjórin Sọ Òótọ́

Ẹ̀yin ajórin Òkè-Báálẹ̀ àti Òkè-Fìà l'Óṣogbo, ẹ ó ti rí irú rẹ̀: ojú ìnfátà, ẹ̀rọ ìjórin yín, kọ ámpù 120, síbẹ̀ ọ̀pá ìjórin gééjì 10 ń lẹ̀ mọ́ irin bí ẹni pé 80 lẹ fi ń jó. Iye tí a ní kí ẹ̀rọ gbé jáde ni ojú rẹ̀ sábà máa ń kọ. Kílámpù mítà, èyí tí a ń fi ẹnu rẹ̀ há wáyà, ló máa sọ iye tó jáde ní tòótọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wọn iná tó ń wọlé. Bí 230 fóòtì bá ti já sí 170, tàbí tó jẹ́ wáyà tín-ínrín lẹ fi fà á láti òkèèrè, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ má tú ẹ̀rọ.

Mítà tó ń ka DC ni kí ẹ lò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí òdo, kí ẹ fi há wáyà ìjórin kan ṣoṣo. Ẹ pa arc force àti hot start, torí wọ́n máa ń bu iná kún un láìsọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnìkan wá máa jó lórí irin tó nípọn, kí ẹ̀yin máa ka mítà: gééjì 12 ní 60 àti 80, gééjì 10 ní 100 àti 130. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní 100, fóòtì ẹnu ẹ̀rọ yẹ kó wà nítòsí 24. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹni tó ń jó ti gbé ọwọ́ jìnnà sí irin.

Àkọsílẹ̀ yìí ló máa fi àrùn hàn. Bí ìyàtọ̀ láàárín ojú ẹ̀rọ àti mítà bá jẹ́ ámpù mẹ́wàá níbi gbogbo, ìtò ìsàlẹ̀ ló ṣì. Bó bá ń pọ̀ sí i bí ẹ ti ń gòkè, ìtò òkè ni. Tí kò bá ju ìdá mẹ́wàá lọ nínú ọgọ́rùn-ún, mo máa ń fi í sílẹ̀.

Tó bá kan inú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wọn kapásítọ̀ ńlá, tó ń tọ́jú iná pamọ́. Ó lè gbé ju 300 fóòtì lọ, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ dá a ṣe.

Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí preset, ohun kékeré tí a ń yí láti fi tò ó, wà tẹ́lẹ̀. Òmíràn ń darí iná tó ń jáde, òmíràn ń darí nọ́ńbà nìkan. Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹ yí ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ pa á dé, ẹ wọn ọ́n, lẹ́yìn náà ti òkè. Ẹ padà sí ìsàlẹ̀, torí èyí máa ń ti ìkejì. Nínú ẹ̀rọ mìíràn, bọ́tìnnì ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń tò ó.

Tó bá ti dúró déédéé, ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì díẹ̀ sórí preset kí gbígbé kiri má bàa yí i, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára ẹ̀rọ.