Kọ́ọ̀sì Ìṣirò Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Mú, Níbo Ló sì Yẹ Kí Ẹ Ti Kọ́ Ọ?

Ẹni tó ń ka ìṣirò ní yunifásítì, tó ti dé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 300, yóò rí i pé kọ́ọ̀sì tó kù pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ máa ṣírò títí ìdáhùn yóò fi jáde: Differential Equations, Numerical Analysis, Mathematical Methods. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rí (proof) lẹ máa kọ, ìyẹn àlàyé ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́: Real Analysis, Abstract Algebra, Topology. Linear Algebra kó sí méjèèjì. Kí ẹ tó máa béèrè èyí tó rọrùn, ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀wọ́ tí kọ́ọ̀sì náà wà, torí òun ni yóò sọ ibi tó yẹ kí ẹ ti kọ́ ọ. Èyí tí wọ́n ń ṣírò ṣeé dá kọ́ nílé: ẹ ó dá ìdáhùn yín padà sínú ìbéèrè, ẹ ó sì rí i bóyá ó wọlé. Ẹ̀rí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ẹ̀rí tí kò dúró kì í sábà mọ̀, àfi kí ẹlòmíì fi báírò pupa sí i.

Ẹ dán ara yín wò báyìí. Ká ní n jẹ́ odidi nọ́ńbà, tí n² sì ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́ku. Ẹ fi ẹ̀rí hàn pé n náà ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́ku. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ ni pé n = 2k, nítorí náà n² = 4k², ó ti parí. Kò sí irọ́ nínú ìlà kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n òdìkejì ohun tí wọ́n béèrè ni wọ́n dáhùn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ká ní n ṣẹ́ ku ẹyọ kan, ìyẹn n = 2k+1. Nígbà náà, n² yóò jẹ́ 4k²+4k+1, òun náà yóò sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Bí n² kò bá wá ṣẹ́ku, n kò lè ṣẹ́ku. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò bá tíì hàn sí yín kedere, ẹ má tíì fọwọ́ kan Real Analysis. Ẹ padà sórí Sets àti Logic fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Real Analysis gan-an ló ń fa carry-over jù, ibì kan náà ló sì ti sábà ń já. Wọ́n ní kí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé x² ń lọ sí 4 bí x ṣe ń lọ sí 2, ìyẹn ni pé bó ti wù kí àlàfo ε tí wọ́n fún yín kéré tó, ẹ lè rí δ kan tó jẹ́ pé bí x bá súnmọ́ 2 ju δ lọ, x² yóò súnmọ́ 4 ju ε lọ. Ẹ mọ̀ pé |x²−4| = |x−2||x+2|, lakẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé δ = ε/|x+2|. Máàkì ti lọ nìyẹn, torí a gbọ́dọ̀ ti yan δ ká tó mọ x, kò lè gbára lé x. Ẹ kọ́kọ́ sé x mọ́: bí |x−2| bá kéré sí 1, |x+2| yóò kéré sí 5. Lẹ́yìn náà, δ ni èyí tó kéré jù nínú 1 àti ε/5. Ẹni tí ọgbọ́n ìsémọ́ yìí bá ti yé, ó ti gba ìdajì kọ́ọ̀sì náà.

Bí ẹ bá lè yẹra fún un, ẹ má ṣe mú Real Analysis àti Abstract Algebra àkọ́kọ́ nínú sẹ̀mẹ́sítà kan náà. Bí ẹ̀ka yín bá sọ méjèèjì di kàn-ń-pá pọ̀, kọ́ọ̀sì àṣàyàn ni kí ẹ dín kù. Pé wọ́n gbà yín láàyè láti mú yúníìtì 24 kò ní kí ẹ kún un dẹ́nu.

Ibi tí ẹ ń lọ ló kù. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí data, Linear Algebra, Probability àti Numerical Analysis ló máa jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó ń wo iṣẹ́ actuary (àwọn tó ń ṣírò ewu fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò), ẹ jẹ́ kó mú Probability ní ọ̀kúnkúndùn, torí orí rẹ̀ ni Exam P, ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn actuary tí wọ́n ń pè ní Society of Actuaries, dá lé. Ẹni tó fẹ́ ṣe másítà nínú ìṣirò kò lè sá fún Real Analysis, Abstract Algebra àti Complex Analysis. Bí Amẹ́ríkà bá wà lọ́kàn yín, ẹ rántí pé nǹkan bí ìdajì ìdánwò GRE Mathematics, tí àwọn yunifásítì kan níbẹ̀ máa ń wò kí wọ́n tó gbani wọlé, ló jẹ́ kálkúlọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Níbo wá ni? Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́. Ọgbà àgbà UNIOSUN wà nínú ìlú, NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a ti ń kàwé láti ilé, ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ọkọ̀ tó gba Ẹdẹ àti Ṣẹ́kọ̀nà sì máa gbé yín dé Ifẹ̀, níbi tí OAU wà. NOUN bá òṣìṣẹ́ mu, ọ̀fẹ́ sì ni ìwé kọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n TMA, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fi gba máàkì níbẹ̀, jẹ́ ti kí ẹ yan ìdáhùn, kò lè ka ẹ̀rí yín. Bí ẹ bá ń kọ́ Real Analysis níbẹ̀, ẹ wá ẹni tó ti yege nínú rẹ̀, kí ó máa bá yín wo ẹ̀rí méjì lọ́sẹ̀.

Ní ti kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣírò, MIT OpenCourseWare, àwọn kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó: 18.06 ti Gilbert Strang fún Linear Algebra, 18.03 ti Arthur Mattuck fún Differential Equations. Wọn kì í fúnni ní yúníìtì tàbí ìwé ẹ̀rí, nítorí náà ẹ má retí kó wọ transcript yín. Ẹ lò ó láti múra sílẹ̀ ní ìsinmi, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún ti ilé ẹ̀kọ́. Fídíò ń jẹ data, ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ àti ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ìbéèrè yẹn ló ń kọ́ni jù.

Ẹ má fi nọ́ńbà kọ́ọ̀sì wé ara wọn láti yunifásítì kan sí òmíràn, MTH 301 ti ibì kan lè má jọ ti ibòmíràn rárá. Ẹ gba course outline, ẹ kà á. Bí Complex Analysis kan bá ń sọ̀rọ̀ residue àti ìṣirò contour nìkan, ọ̀wọ́ tí wọ́n ń ṣírò ló wà. Bí ó bá ní ẹ̀rí Cauchy's theorem, ọ̀wọ́ ẹ̀rí ló wà, Real Analysis sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà outline kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún tí ẹ ṣe é, torí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun ló máa béèrè àlàyé kọ́ọ̀sì, olùkọ́ tó kọ́ yín sì lè ti fẹ̀yìn tì nígbà náà.