Kámẹ́rà yà mí, ṣùgbọ́n ewé ti bo páálí ìwọ̀n eré: ṣé màá sanwó?

Arábìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Kent, ní ilẹ̀ England, ló kọ̀wé sí mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wa ọkọ̀ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́tà irú tirẹ̀ ti ń pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ wa síta.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà ọlọ́pàá dé bá mi nílé lánàá pé mo sá eré máìlì 41 ní wákàtí kan níbi tó jẹ́ 30. Ọlọ́run gbọ́, mi ò rí 30 kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ lọ́sàn-án ni mo rí i pé ewé ti bo páálí náà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ju lẹ́tà náà nù, pé bí páálí ò bá ti hàn, ẹjọ́ ti kú nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú lẹ́tà yẹn, àwọn èèyàn wa sì máa ń lù wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni pé ta ló wa ọkọ̀. Èkejì ni pé ṣé awakọ̀ náà jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ páálí ò kan ti àkọ́kọ́ rárá. Ọjọ́ 28 lẹ ní láti sọ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lẹ dá yẹn lábẹ́ abala 172 nínú òfin ìrìnnà ti 1988: póìǹtì 6 (àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láìsẹ́ǹsì awakọ̀), àti fáìnì tó lè tó £1,000. Bí ẹ bá sì kọ orúkọ yín síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi.

Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín gbé póìǹtì. Mo mọ̀ pé nílé wa, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n lè ní "ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀, ó tán." Kò tán o. Chris Huhne tó ti ṣe mínísítà níbí, àti Vicky Pryce tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n jọ rẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ he ní 2013, torí pé ìyàwó bá ọkọ gba póìǹtì eré tó sá ní 2003. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún di ẹ̀wọ̀n.

Kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí kámẹ́rà ya ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ni lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ. Bí tiyín bá wá pẹ́, ìyẹn nìkan ò pa ẹjọ́.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ tèmi ni, lẹ́tà náà kò sì pẹ́. Mo ti fi orúkọ mi ránṣẹ́. Ó wá ku ọ̀rọ̀ páálí.

Ìdáhùn: Ẹ fi páálí sílẹ̀ ná, kí ẹ wòkè. Ṣé òpó iná wà lójú títì yẹn?

Ibí yìí gan-an ló ń mú àwa tí a kọ́ ọkọ̀ wíwà nílé. Ní Nàìjíríà, òpó iná kì í sọ nǹkan kan nípa eré. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ England, òfin ìṣàkóso ìrìnnà ti 1984 sọ pé títì tí òpó iná bá wà lójú rẹ̀, tí ọ̀kan ò jìnnà sí èkejì ju yáàdì 200 lọ, ìyẹn bíi mítà 183, máìlì 30 ni, àyàfi tí àmì bá sọ nǹkan mìíràn. Òpó yẹn gan-an ni àmì. Kódà, wọn kì í gba kánsù láyè kó gbé àwọn páálí 30 kéékèèké tó ń rán awakọ̀ létí sí irú títì bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi wa ọkọ̀ gba àárín ìlú kọjá tí ẹ ò ní rí 30 kan ṣoṣo. Títì oníná tó bá jẹ́ 40, páálí 40 kéékèèké ló sábà máa ń rán yín létí lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá rí iná, tí ẹ ò sì rí páálí olónọ́ńbà, 30 ni kí ẹ mú un sí. (Kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí wa: kìlómítà 50 tí òfin Nàìjíríà fi sí àárín ìlú fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bíi máìlì 31 ni.)

Mo ti bá ẹnì kan lọ wo irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Igi olóko ti na ọwọ́ sí ojú títì, ewé ìtàkùn sì ti wé mọ́ páálí náà tó fi jẹ́ pé ìdajì òrùka pupa ìsàlẹ̀ nìkan ló kù, bí oṣù tó kù díẹ̀ kó wọ̀. Inú bí mi, torí ọdún kan kọ́ ni ewé fi ń dà báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti òpó kan sí èkejì, ìṣísẹ̀ mi ò pé 50. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ewé yẹn ò ní gbà wá.

Bí kò bá sí òpó iná níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Abala 85 nínú òfin 1984 kan náà sọ pé níbi tí kò bá sí irú iná bẹ́ẹ̀, kóòtù kò gbọ́dọ̀ dá awakọ̀ lẹ́bi àyàfi tí àmì tó bófin mu bá fi ìwọ̀n eré hàn. Ní 2006, High Court sọ ọ́ kedere pé ohun tí kóòtù máa wò ni bóyá àwọn àmì ti la awakọ̀ lọ́yẹ̀ tó kó tó dé ibi tí wọ́n ti wọn eré rẹ̀. Níbẹ̀ ni ewé ti lè gba èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé páálí gbọ́dọ̀ jìnnà síra níye mítà báyìí, pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ ti dànù. Ìlànà àmì ojú títì ti 2016 ti tú ọ̀pọ̀ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún kánsù láti pinnu.

Ẹ̀rí lẹ máa kó jọ, kì í ṣe ìbínú. Ẹ lọ kíákíá, kí kánsù tó gé ewé. Kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀, kí ẹ̀yin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ ya àwòrán láti ibi tí ojú awakọ̀ ń gbà wo títì. Fọ́tò tí ẹ bá yà látẹsẹ̀ níwájú páálí kò sọ ohun tí awakọ̀ rí. Ẹ wo Google Street View pẹ̀lú. Oṣù àti ọdún tí wọ́n ya àwòrán wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo lọ wọ̀n ọ́n. Òpó wà, ìṣísẹ̀ 40 péré. Láìsẹ́ǹsì Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò, n kò tíì pé oṣù mẹ́fà níbí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má bá wọn lọ sí kóòtù lórí eléyìí. Ní títì 30, láti 35 dé 42 ni ọlọ́pàá sábà máa ń fún awakọ̀ láyè kó lọ ṣe kọ́ọ̀sì lórí ọ̀rọ̀ eré sísá, bí kò bá tíì ṣe irú ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. 41 yín wọ ibẹ̀. Ẹ ó san owó kọ́ọ̀sì, ẹ ò ní gba póìǹtì kankan. Bí wọn ò bá fún yín ní kọ́ọ̀sì, £100 àti póìǹtì 3 ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé kóòtù tí ẹ sì pàdánù, ìlànà àwọn adájọ́ fi 41 dé 50 sí póìǹtì 4 sí 6, fáìnì náà sì máa ń tẹ̀ lé owó tó ń wọlé fún yín lọ́sẹ̀. Owó iṣẹ́ arúgbó tí ẹ ń ṣe yẹn kò yẹ kó bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

Láìsẹ́ǹsì ilé kò ní kí póìǹtì má lẹ̀ mọ́ yín o. DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó láìsẹ́ǹsì, á ṣí àkọsílẹ̀ fún yín, á sì kọ ọ́ síbẹ̀. Oṣù 12 péré ni ẹ fi lè lo láìsẹ́ǹsì ilé yẹn níbí, lẹ́yìn náà ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò tiwọn. Láàárín ọdún méjì tí ẹ bá yege, bí póìǹtì yín bá pé 6, wọ́n á gba láìsẹ́ǹsì náà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nídìí ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Ẹ fi fọ́tò ewé yẹn ránṣẹ́ sí kánsù pẹ̀lú. Kò ní pa ẹjọ́ yín, ṣùgbọ́n arábìnrin mìíràn tó ń sáré lọ bá arúgbó á gba ibẹ̀ kọjá lọ́la.

Ìbéèrè (láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní Cardiff, ní Wales): Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni níbí?

Ìdáhùn: Òpó iná náà ni ẹ ó wò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yàtọ̀. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 2023, irú títì bẹ́ẹ̀ ti di máìlì 20 ní Wales. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 30 ni wọ́n ń gbé páálí 30 sí. Bí ẹ ò bá rí nọ́ńbà kankan lábẹ́ iná, 20 ni.