Ẹ́ńjìnnì wo ló lè gbé ọkọ̀ yín kọjá ẹnu òkun?

Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn tó fẹ́ ra ọkọ̀ ìpẹja fún etíkun Èkó tàbí Ìlàjẹ ló ń fi irú omi Ẹlẹ́yẹlé díwọ̀n ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ òfìfo, èèyàn méjì, omi tó dákẹ́: agbára ẹṣin 40 á sáré níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́nu òkun, níbi tí ọ̀sà ti ń já sínú òkun, yanrìn tó wà nísàlẹ̀ ló ń mú kí ìgbì ga, kó sì fọ́.

Ìgbì yẹn gan-an lẹ máa bá sáré. Níbi tí omi bá jìn tó mítà 3, ó ń sá bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Bó bá lé ọkọ̀ bá látẹ̀yìn, á gbé ìdí rẹ̀ sókè, á yí i dábùú, á sì dojú rẹ̀ dé. Ọkọ̀ tó ti gba ẹrù tán gbọ́dọ̀ lè sá tó 35, kí àṣẹ́kù lè wà.

Ìwúwo ni ká kọ́kọ́ ṣírò. Ẹ mú ọkọ̀ faíbà oní-mítà 6: ara ọkọ̀ kílò 600, ẹ́ńjìnnì 120, epo lítà 100 jẹ́ kílò 75, èèyàn márùn-ún 375, àwọ̀n, yìnyín àti ẹrù 130. Àpapọ̀ 1,300. Ẹ fi 18 pín in, ìyẹn kílò 18 fún agbára ẹṣin kan: 72. Ẹ́ńjìnnì 75 ló kéré jù. Àwa á mú 90, bí iye tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ bá gbà á. Ẹ má kọjá iye yẹn, torí pé ìdí ọkọ̀ lè ya. Ẹ́ńjìnnì kékeré 8 tí wọ́n ń fi ṣe àfikún wúlò nínú ọ̀sà; níwájú ìgbì, kò lè gbà yín.

Pùròpélà tí kò bá ẹ́ńjìnnì mu ń fi agbára ṣòfò. Ẹ di ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ tẹ eré ẹ́ńjìnnì dópin. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ pé kó yí ní 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, tó jẹ́ 4,200 lẹ rí, pùròpélà náà le jù fún un. Ẹ fi èyí tí pitch rẹ̀ (ibi tó yẹ kó sún síwájú dé bó bá yí lẹ́ẹ̀kan) fi íǹṣì 2 dín rọ́pò rẹ̀. Á fi bíi ìyípo 300 sí 400 kún un ní ìṣẹ́jú kan. Kó tètè gbéra ṣe pàtàkì níbí ju eré àsápajúdé lọ.

Ẹ wọn ìdí ọkọ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ íǹṣì 20, ẹ́ńjìnnì tí ṣáàfùtì rẹ̀ (ẹsẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ dé pùròpélà) gùn ló bá a mu. Pẹrẹsẹ irin tó wà lókè pùròpélà gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó fi íǹṣì 1 rẹlẹ̀ sí i. Bó bá ga jù, atẹ́gùn ni pùròpélà á máa gé nínú ìfófòó: ẹ́ńjìnnì á pariwo, ọkọ̀ ò ní lọ.

Epo tún ń pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, nítorí ìgbì á ru ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì sókè. Ẹ fi asẹ́ tó ń ya omi kúrò lára epo sí i, ẹ sì sẹ́ èyí tẹ́ ẹ bá fi kẹ́ẹ̀gì gbé láti Ìbàdàn.

Bẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ dúró sẹ́yìn ìgbì kan, ẹ má gun orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí omi ọ̀sà bá ń ya lọ sókun, tí ìgbì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ìgbì á dúró bí ògiri. Ẹ́ńjìnnì 90 náà ò tó nígbà yẹn, ẹ dúró dìgbà tí omi bá kún tán.