Máìkì tó ń han lójú agbo: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ohùn ní Kétu àti Àjàṣẹ́

Ìbéèrè (Kétu): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra máìkì kọndẹ́ńsà kan, owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ síbi ìnáwó, akọrin ò tíì kọrin dé ìlà kejì tí sípíkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Mo rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ orin mọ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, ó ṣeé ṣe kí máìkì rẹ má ní àléébù kankan. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lo gbé fún un. Ohùn tó jáde lẹ́nu sípíkà ló tún ń wọ inú máìkì, ẹ̀rọ á tún gbé e jáde, á tún padà wọlé, títí á fi di igbe kan ṣoṣo. Etí kọndẹ́ńsà mú jù fún irú ibẹ̀. Ó ń gbọ́ akọrin, ó ń gbọ́ ìlù, ó sì ń gbọ́ sípíkà pẹ̀lú.

Dáínámíìkì, irú máìkì tí etí rẹ̀ kò mú tó ti kọndẹ́ńsà, ni kó o gbé lọ sójú agbo. Irú rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù ni Shure SM58, tó jáde ní 1966. Iwájú ló ti ń gbọ́ dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló sì dití jù. Torí náà, sípíkà tí akọrin fi ń gbọ́ ara rẹ̀, ẹ̀yìn máìkì ni kó wà. Àwọn sípíkà ńlá, ẹ gbé wọn ṣíwájú akọrin, kí wọ́n kọjú sí èrò.

Lẹ́yìn náà, wo ọwọ́ akọrin. Bó bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì, ó ti dí àwọn ihò tí máìkì fi ń mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, á sì han lójú ẹsẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kó dì mú, kí ẹnu rẹ̀ má ju ìbú ìka méjì sí i lọ. Bí ẹnu bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohùn tó ń dé ibẹ̀ á fi bíi 6 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n tí a fi ń wọn ohùn) dínkù, ìwọ náà á yí ẹ̀rọ sókè láti fi dí i, igbe á tún dé.

Ìbéèrè: Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ńkọ́? Ó gbé agọ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ má so wáyà mọ́ ohunkóhun lára agọ̀ láìbéèrè. Bí wọ́n bá gbà, máìkì kékeré tí a ń fi kọ́ etí, tí orí rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ló dára jù. Fún ìyá ìlù, gbé dáínámíìkì kan kalẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n ọwọ́ kan sí awọ rẹ̀. Má jẹ́ kí ìlù borí. Ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu Ẹ̀fẹ̀ jáde ni èrò tìtorí rẹ̀ jókòó mọ́jú. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí n kò mọ ohun tí Ẹ̀fẹ̀ sọ.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá fi kọndẹ́ńsà náà ṣe?

Ìdáhùn: Inú yàrá tí o ti ń gbohùn sílẹ̀ ni kó wà. Iná 48V ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ láti ara míkísà. Bí kò bá dún rárá, bọ́tìnnì 48V lára míkísà ni kó o kọ́kọ́ wò. Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá. Bí ohùn rẹ̀ bá ń ta padà lára ògiri, fi ẹní, aṣọ òkè tó nípọn tàbí bẹ́ẹ̀dì fóòmù yí akọrin ká. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ jẹ́ kó dá. Bí yàrá kò bá ṣeé tún ṣe, dáínámíìkì náà ni kó o fi gbohùn sílẹ̀, tòun ti owó tó o ná sí kọndẹ́ńsà.

Ìbéèrè (Àjàṣẹ́): Máìkì USB mi kò wọ míkísà ilé ìjọsìn wa.

Ìdáhùn: Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta ní ìdí rẹ̀ níbi tí wáyà ti ń wọ̀ ọ́, tí wọ́n ń pè ní XLR, ni kẹ́ ẹ wá rà.